Afárá tó Já Lójú Ọ̀nà Wúrà

Ọ̀sán gangan ni ìpè náà wọlé. Mo wà ní ilé ìwòsàn kékeré tí mo ti ń ṣe dókítà ní Moniya, mo ń wo inú etí ọmọ ọwọ́ kan, nígbà tí fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí tábìlì. Nọ́ńbà tó pè kì í ṣe ti Nàìjíríà, mo sì jẹ́ kó dún tán. Ó tún pè, ó tún pè. Nígbà tí mo gbé e, ọkùnrin kan ní ọ̀rẹ́ àbúrò mi ni òun, pé inú kòtò kan náà ni àwọn jọ ń wa wúrà ní ilẹ̀ Gíínì, pé òkúta ti ya lu àbúrò mi lẹ́sẹ̀, egbò náà sì ti ń rùn. Mo ní kó gbé fóònù sí i létí.

"Àǹtí mi," ni àbúrò mi wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú kànga lọ, "ẹ máa bọ̀ wá gbé mi."

Ìpè náà já.

Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Abúlé wa kò jìnnà sí Ìyànà Ọ̀fà. Bí ènìyàn bá sọ̀ kalẹ̀ lójú títì, ọ̀kadà ni yóò gbé e wọ inú oko lọ. Èmi ni bàbá wa rán lọ sí ilé ìwé títí mo fi di dókítà. Àbúrò mi ló dúró tì wọ́n nídìí kòkó àti ẹ̀gẹ́, kò sì kábàámọ̀ rẹ̀, nítorí ó fẹ́ràn ilẹ̀. Nígbà tí bàbá wa kú, àwọn mọ̀lẹ́bí ta ilẹ̀ náà fún àwọn tó ń kọ́ ilé ńláńlá. Katapílà dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sì hú kòkó tí bàbá bàbá wa gbìn bí ẹni tó ń fa ewédú. Àbúrò mi dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń wò ó títí iṣẹ́ fi parí. Lẹ́yìn náà ó ra ọ̀kadà, ó ń ná Ìyànà Ọ̀fà sí inú abúlé, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ni, iṣẹ́ náà kò bá a lára mu.

Àsìkò yẹn ni ariwo wúrà gba gbogbo agbègbè wa kan. Fídíò kan ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn: ọ̀dọ́kùnrin kan na àtẹ́lẹwọ́, òkúta tó ń kọ yànrànyànràn wà nínú rẹ̀, ó tó ẹyin adìyẹ. Wọ́n ní ìwọ̀ oòrùn ni, ní Gíínì àti Màlì, pé kí ènìyàn ṣáà ti gbẹ́lẹ̀. Láti Akinyele títí dé Ona-Ara, àwọn ọ̀dọ́ ta ọ̀kadà, wọ́n ta ewúrẹ́, wọ́n ta ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n bọ́ sọ́nà. Bí mo bá lọ kí ìyá wa lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn arúgbó àti àwọn ọmọdé ni mo máa ń rí tí wọ́n ń jáde ní mọ́ṣáláṣí. Àbúrò mi náà lọ. Ó ti kọjá Àkrà kó tó pè mí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìpè náà dé, mo lọ sọ fún ìyá wa. Mo ní ó fi ẹsẹ̀ ṣèṣe; n kò mẹ́nu kan òórùn. Wọ́n ń bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́, wọn kò sì gbé ojú sókè.

"Mú un wá fún mi," ni wọ́n wí.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́ bi mí pé kí ló dé tí n kò ní wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ìwé ìrìnnà mi ti kọjá àkókò rẹ̀, egbò àbúrò mi kò sì lè dúró kí wọ́n tó ṣe tuntun fún mi. Bí mo bá tiẹ̀ ní ìwé, kò sí ọkọ̀ òfuurufú tó ń balẹ̀ nítòsí ibi tó wà. Bọ́ọ̀sì kan wà tó ń ti ìhà Ṣáṣá gbé àwọn tó ń lọ wa wúrà, ó sì fẹ́ gbéra ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Mo kó omi tí a ń fà sí aláìsàn lára, abẹ́rẹ́ fún egbò tó ti rà, bándéèjì, síṣọ́ọ̀sì àti àwọn páálí iyọ̀ tí a ń pò fún ẹni tó ń ṣunú sínú báàgì kan, mo sì bá wọn lọ.

Èmi nìkan ni n kò bá ti wúrà lọ nínú ọkọ̀ náà. Ṣọ́bìrì, asẹ́ àti garawa ló kún orí rẹ̀. Awakọ̀ wa jẹ́ ọkùnrin tó tó ẹgbẹ́ mi, tó ti ń ná ọ̀nà náà tipẹ́, tí kì í sábà rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó jókòó tì mí wá láti abúlé kan lọ́nà Egbeda. Ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni, aṣọ funfun rẹ̀ wà nínú ọ̀rá lórí itan rẹ̀ kí ẹrù má baà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Òun ló gbàdúrà fún ọkọ̀ kí a tó gbéra, láti ìgbà náà ni gbogbo wa ti ń pè é ní Ìyá Àdúrà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó ń lọ máa se oúnjẹ fún àwọn tó ń gbẹ́ wúrà, ó sì ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn wa ni ọmọbìnrin kan jókòó, onídìrí láti Moniya, tí kò tíì ju ogún ọdún lọ púpọ̀. Ọkọ rẹ̀ ti ṣáájú lọ, ó ń tọ̀ ọ́ lọ.

A kọjá Bẹ̀nẹ̀, a kọjá Tógò, a la Gánà já. Ní bọ́dà kọ̀ọ̀kan wọ́n á ní ká sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á tú ẹrù wa, wọ́n á gba tiwọn. Ní ọ̀kan nínú wọn, sójà kan da oògùn inú báàgì mi sílẹ̀, ó ní oògùn olóró ni mo ń gbé kiri. Bó ti ń pariwo mọ́ mi ni mo rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan wú. Mo fi ọwọ́ júwe fún un pé kó la ẹnu. Eyín ló ń pa á, ọyún ti kún inú erìgì rẹ̀. Mo fún un ní oògùn, mo fi ìka ṣàlàyé bí yóò ṣe máa lò ó. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó kó báàgì mi padà. Láti ìgbà náà ni àwọn ará ọkọ̀ ti gbà pé dókítà wọn ni mí. Ibikíbi tí a bá ti dúró sinmi ni wọ́n ti ń na ẹsẹ̀ wíwú sí mi, tí wọ́n ń sọ ti ibà àti inú rírun.

Ọ̀rẹ́ àbúrò mi ń pè lójoojúmọ́. Àwọ̀ ẹsẹ̀ náà ni mo máa ń bi í. Ó kọ́kọ́ ní ó pupa. Lẹ́yìn náà ó ní àwọn ọmọ ìka ti ń dúdú. Mo ní kí wọ́n máa fi omi iyọ̀ tó lọ́wọ́ọ́rọ́ fọ egbò náà, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ewé dì í pa. Bí mo bá pa fóònù tán, Ìyá Àdúrà á di ọwọ́ mi mú.

Ní gáréèjì kan ní Àbíjáǹ, ní ilẹ̀ Kódífuà, a pàdé àwọn tó ń ti ibi wúrà bọ̀ nílé. Ọkùnrin kan láti ìhà Ọ̀yọ́ wà láàrin wọn, ó rù débi pé aṣọ rẹ̀ dà bí èyí tó yá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Ikọ́ kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ já gaara. Mo gbé etí lé ẹ̀yìn rẹ̀, mo gbọ́ bí èémí ti ń ha, bí ìgbà tí wọ́n ń fi bébà oníyanrìn ha pákó. Erùpẹ̀ òkúta tí wọ́n ń lọ̀ ló ti kún inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ó bi mí pé oògùn wo ni òun lè lò. Mo sọ fún un pé kó má padà síbẹ̀ mọ́, nítorí n kò ní oògùn kankan tí mo lè dárúkọ. Ó wo àwọn ọ̀dọ́ tó yí wa ká, ó ní, "Wúrà wà níbẹ̀ o. N kò parọ́ fún yín." Bí wọ́n ti gbọ́ ìyẹn, wọn kò tẹ́tí sí ikọ́ mọ́. Kò sí ẹnì kan nínú ọkọ̀ wa tó yí padà.

A kọrí sí àríwá. Òjò bẹ̀rẹ̀, kò sì dá. Nígbà tí a dé ìlú kékeré kan, odò ti gbé afárá tó wà níwájú lọ. Tírélà tó kó màlúù, tírélà tó kó àlùbọ́sà àti bọ́ọ̀sì bíi tiwa ti tò lójú ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó mọ ìgbà tí omi yóò fà. A ń sùn nínú ọkọ̀, a ń jí níbẹ̀. Fóònù kò mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́, n kò sì gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni láti Gíínì. Ìyá Àdúrà dáná sẹ́bàá títì, ó ń se oúnjẹ fún gbogbo wa, ó sì ń se omi mímu. Ṣùgbọ́n omi tó ń hó kì í tètè tutù, odò sì wà nítòsí. Màlúù ń tọ̀ sínú rẹ̀, àwọn ènìyàn ń yàgbẹ́ sí etí rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ń bu mu.

Bíríkìlà kan láti Moniya ló kọ́kọ́ dùbúlẹ̀. Ó wọ igbó lọ ní òwúrọ̀, ó tún lọ, nígbà tó di ìyálẹ̀ta kò lè dìde mọ́. Ohun tó ń jáde lára rẹ̀ dà bí omi tí a fi fọ ìrẹsì. Mo fa awọ ikùn rẹ̀ sókè, ó dúró bẹ́ẹ̀ bí aṣọ tí a ká, kò padà. Mo ti rí i rí ní Moniya nígbà òjò, n kò nílò àyẹ̀wò kankan. Onígbáméjì ni. Nígbà tí oòrùn máa fi wọ̀, àwọn ará tírélà náà ti ń pè mí láti òpin ìlà kan dé èkejì.

Mo dúró láàrin títì, mo ń ro ibi tí mo lè kó wọn sí, ni mo gbọ́ tí ẹnì kan kí mi lẹ́yìn ní èdè mi pé, "Ẹ kú ewu ọ̀nà, ọmọ ilé." Ìyá arúgbó kan ni, wọ́n fi agboòrùn ṣe ọ̀pá. Àwọn òbí wọn ló kúrò ní Èjìgbò wá sí Kódífuà, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí wọn sí. Ànàgó ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe gbogbo Yorùbá, ìyá náà sì ni Ànàgó kan ṣoṣo tó kù ní ìlú yẹn. Ike àti abọ́ ni wọ́n ń tà ní ọjà. Yorùbá wọn jẹ́ irú èyí tí ìyá ìyá mi ń sọ, wọ́n ń da èdè ibẹ̀ mọ́ ọn láìmọ̀. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé àwọn ọmọ ilé há sójú ọ̀nà. Mo ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọn kò bẹ̀rù, wọn kò sì sún sẹ́yìn. Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ olórí ìlú, wọ́n bá mi ṣògbufọ̀, olórí náà sì ní kí wọ́n ṣí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ méjì fún wa nítorí àwọn ọmọ ilé ìwé wà ní ìsinmi. Nọ́ọ̀sì ìlú náà ti lọ sí òdìkejì odò kí afárá tó já. Ìyá arúgbó náà kó garawa, ife àti kẹ́ẹ̀gì láti inú ṣọ́ọ̀bù wọn wá, wọn kò bi mí pé ta ni yóò san án.

A tẹ́ ẹní sílẹ̀. Mo fa omi sí àwọn tó burú jù lára, mo ń po iyọ̀ àti ṣúgà fún àwọn yòókù. Bíríkìlà náà kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìmáàmù ìlú náà fi omi bílíìṣì wẹ̀ ẹ́ bí mo ti sọ fún wọn, wọ́n sì sin ín.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni awakọ̀ wa wá bá mi lẹ́yìn ilé ìwé.

"Dókítà, mo ti rí ọ̀nà mìíràn," ló wí. "Inú igbó ni, ó jìn, ṣùgbọ́n yóò yí odò yìí ká. Mo fẹ́ kó àwọn tí ara wọn dá kúrò níbí kí àìsàn yìí tó mú àwọn náà."

Mo bi í pé àwọn tó wà lórí ẹní ńkọ́. Ó ní èmi náà mọ̀ pé wọn kò lè wọ ọkọ̀. Ó wo bàtà rẹ̀.

"Àbúrò yín lẹ bá wá," ló wí. "Ẹ kò bá àwọn wọ̀nyí wá."

Òótọ́ ló sọ. Mo jókòó sórí òkúta kan, mo ro ẹsẹ̀ náà. Mo mọ bí irú egbò bẹ́ẹ̀ ti ń gòkè, láti ọmọ ìka dé ọrùn ẹsẹ̀, láti ọrùn ẹsẹ̀ dé ojúgun. Mo mọ̀ pé bí mo bá tètè dé, mo lè gé ohun tó ti rà kúrò kí n sì gba ìyókù là. Mo tún mọ̀ pé nínú yàrá méjèèjì yẹn, kò sí ẹlòmíràn tó lè rí iṣan lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti fà sẹ́yìn. Ìyá Àdúrà dé bá mi níbẹ̀ pẹ̀lú ife omi gbígbóná.

"Ẹ bá ọkọ̀ lọ," ló wí. "Èmi yóò dúró. Mo lè se omi, mo sì lè fi ṣíbí fún ènìyàn mu."

Mo sọ fún un pé òun ló yẹ kó lọ, nítorí ara rẹ̀ dá, ó sì ní ọmọ. Ó ní ṣé àwọn tó wà lórí ẹní kì í ṣe ọmọ ẹlòmíràn ni. N kò lè lé e, òun náà kò sì lè lé mi. Bẹ́ẹ̀ ni àwa méjèèjì ṣe dúró.

Mo kó gbogbo abẹ́rẹ́ egbò náà fún awakọ̀, nítorí ó mọ ibi tí àbúrò mi wà bí ẹni mọ ojúlé rẹ̀. Mo já ìbẹ́pẹ tútù kan, mo fi kọ́ ọ bí a ti ń po ìyẹ̀fun oògùn, bí a ti ń lé afẹ́fẹ́ kúrò, apá ibi tí a ń gún ní ìdí kó má baà ba iṣan jẹ́. Ó gún ìbẹ́pẹ náà títí oje fi bò ó. Ó ní tí ọwọ́ òun bá gbọ̀n ńkọ́. Mo ní kó jẹ́ kó gbọ̀n, kó ṣáà ti gún un. Ó lọ, pẹ̀lú àwọn tí ara wọn dá.

Onídìrí náà wà lára àwọn tó kù sílẹ̀. Àìsàn náà mú un bí ọkọ̀ ti ń múra àtigbéra. Ó mú Ìyá Àdúrà ní ọjọ́ kejì, nígbà tí agbára rẹ̀ ti tán nídìí ìkòkò omi. Èmi àti ìyá arúgbó nìkan ló ṣẹ́ kù lórí ìdúró. Àwọn kan ń yè, wọ́n ń jókòó, wọ́n ń béèrè oúnjẹ. Àwọn kan ń lọ. Omi tí mo gbé wá láti Moniya ń tán lọ, títí ó fi ku àpò kan ṣoṣo.

Mo dúró láàrin ẹní méjì pẹ̀lú àpò omi náà lọ́wọ́. Onídìrí kò gba ohunkóhun sínú mọ́. Gbogbo ohun tí a bá fún un ló ń bì, n kò sì rí ìlùkìkì kankan ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ó ti rẹ Ìyá Àdúrà, ojú rẹ̀ ti jìn wọlé, ṣùgbọ́n ó ṣì ń mu. Bí a ti kọ́ mi ni mo ṣe: ẹni tó lè mu ni a ń fún mu, ẹni tí kò lè mu ni a ń fa omi sí lára. Mo wá iṣan ọmọbìnrin náà, mo rí i.

Ìyá Àdúrà ń wò mí láti orí ẹní tirẹ̀.

"Ṣé ìyẹn ló kù?" ló bi mí.

Mo ní òun ni.

"Ó dáa. Ẹ bá mi bu ti ife."

Mo bu ú. Mo jókòó tì í, mo ń fi ṣíbí fún un, mo tún ń dìde lọ wo ọmọbìnrin náà. Ó ń mu, ó ń mu, ṣùgbọ́n ohun tó ń jáde pọ̀ ju ohun tó ń wọlé lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó mí èémí gígùn kan, mo ń retí èyí tó tẹ̀ lé e, kò dé.

Ìyá arúgbó ní a kò gbọ́dọ̀ sin ín láìwọ aṣọ ìjọ rẹ̀ fún un. A tú aṣọ funfun náà jáde nínú ọ̀rá. Mùsùlùmí ni mí, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá arúgbó. Kò sí ẹni tó mọ orin wọn nínú wa. Onídìrí náà, tó jẹ́ ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì, ní ká gbé òun jáde. A gbé e jókòó sẹ́bàá sàréè, ó fara ti ògiri, ó sì dá kọ orin kan ní ohùn tí kò ju ti ẹyẹ lọ. Ó gbàgbé ẹsẹ kejì. Ó tún ti àkọ́kọ́ kọ.

Nígbà tí odò fà tí àwọn ará ìlú fi igi ṣe afárá, àìsàn náà ti rọlẹ̀. Mo dágbére fún ìyá arúgbó náà. Wọ́n ní tí mo bá dé ilé, kí n bá àwọn kí Èjìgbò, ìlú tí wọn kò dé rí. Èmi àti onídìrí wọ tírélà alálùbọ́sà kan.

Ibi wúrà náà kò ní igi kan lórí ìdúró. Ilẹ̀ pupa ni, ó kún fún ihò bí ìgbà tí ìmàdò ba oko jẹ́, tapólì sì ni àwọn ènìyàn fi ṣe ilé. Ẹ̀rọ tó ń lọ òkúta ń hó tọ̀sán tòru. Onídìrí rí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì bá a lọ. Awakọ̀ wa ló mú mi dé ọ̀dọ̀ àbúrò mi. Ó ti ń gún un lábẹ́rẹ́ lójoojúmọ́, kò pa ọjọ́ kan jẹ. Oògùn náà ni kò jẹ́ kí májèlé inú egbò dé ọkàn rẹ̀. Òun ló fi wà láàyè. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí aṣọ, ẹsẹ̀ náà ti kú títí dé ìsàlẹ̀ orúnkún.

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ìlú tó súnmọ́ wa jù. Kí wọ́n tó gbé e wọlé lọ gé ẹsẹ̀ náà, ó di apá mi mú.

"Àǹtí mi, ká ní ẹ ti tètè dé ńkọ́?"

Mo lè parọ́ fún un. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ni mo ti fi ẹnu tù nínú rí. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ni.

"Bóyá a kì bá gé e," ni mo wí.

Ó jọ̀wọ́ apá mi.

Kò bá mi sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọ̀nà tí a gbà bọ̀ wálé. Ohun tó bá fẹ́, awakọ̀ ló ń sọ fún. Ìyá wa jáde sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n rí i lórí ọ̀pá méjì, wọ́n na ọwọ́ sí ibi tí ẹsẹ̀ mọ, wọ́n fi ọwọ́ bò ó. Wọn kò sunkún lójú wa. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ìdúpẹ́ náà sì wúwo lára mi ju èébú lọ, nítorí àbúrò mi dúró níbẹ̀, ó ń wo ibòmíràn. Mo ń wá lópin ọ̀sẹ̀ láti tọ́jú ojú egbò náà. Ó máa ń na ẹsẹ̀ sí mi, á kọ ojú sí ògiri.

Mo mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ lọ sí abúlé Ìyá Àdúrà lọ́nà Egbeda. Ní ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ, mo sọ ibi tí mo ń lọ fún ìyá wa, pé obìnrin kan kú lọ́wọ́ mi lọ́nà, mo fẹ́ rí ìyá rẹ̀. Nígbà tí mo dé ìdí mọ́tò mi, mo bá àbúrò mi níbẹ̀ tó ti jókòó síwájú, ọ̀pá rẹ̀ láàrin itan. Mo wọlé, mo sì wa mọ́tò lọ.

Awakọ̀ ti lọ túfọ̀ fún wọn kí n tó dé, ṣùgbọ́n kò sí lọ́dọ̀ wa nígbà tí obìnrin náà kú, kò sì ní ohun púpọ̀ láti sọ. Ìyá Ìyá Àdúrà jókòó lórí àpótí níwájú ilé, wọ́n ń bó ẹ̀pà. Àwọn ọmọ ọmọ wọn ti lọ sí ilé ìwé. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ẹni tí mo jẹ́. Wọ́n ní kí n jókòó kí n sọ ọ́ bó ti rí, kí n má fo nǹkan kan.

Mo sọ ọ́. Wọ́n ń bó ẹ̀pà lọ ní tiwọn. Nígbà tí mo dé ibi tí ọkọ̀ ti gbéra, ọwọ́ wọn dúró.

"Ara rẹ̀ dá nígbà yẹn?"

"Ara wọn dá, Màmá. Wọ́n ní àwọn yóò dúró bá mi se omi. Wọ́n ní kí n máa lọ bá àbúrò mi."

Mo gbọ́ tí ọ̀pá àbúrò mi yẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì lẹ́yìn mi. N kò wẹ̀yìn. Mo sọ ti àpò omi tó kù, mo sọ ẹni tí mo fún. Ìyá náà wò mí pẹ́.

"Ẹ̀yin lẹ fún ẹlòmíràn."

"Èmi ni, Màmá."

"Ṣé onítọ̀hún yè?"

"Ó yè."

Wọ́n gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára aṣọ wọn. 

"Ẹ mú un wá kí n rí i," ni wọ́n wí.

Mo ní màá mú un wá. Wọ́n fún wa ní omi, a mu, wọ́n sì wọlé lọ. Wọn kò sìn wá sọ́nà.

A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ìyànà Ọ̀fà kí àbúrò mi tó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ láti ilé ìwòsàn ni.

"Níbo ni ọmọbìnrin tó yè náà wà báyìí?"

Mo sọ fún un pé ó wà níbi wúrà lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, ní ibi tí mo fi sí. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo pe nọ́ńbà tó fún mi. Kò wọlé. Mo tún pè ní ọjọ́ kejì àti ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Àbúrò mi gba nọ́ńbà náà lọ́wọ́ mi, ó ní òun yóò bá mi wá a. Ó pe ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ gbẹ́ kòtò. Ọ̀rẹ́ náà ní sójà ti wá tú ibẹ̀ ká, pé wọ́n ti jó àwọn tapólì, àwọn ènìyàn sì ti fọ́n ká, àwọn kan gba Màlì, àwọn kan gba Sẹ̀nẹ̀gà. Ó ní òun yóò máa béèrè.

Mo tún ti lọ kí ìyá náà ní Egbeda. Wọn kò bi mí léèrè ọmọbìnrin náà, wọ́n kàn wo ẹ̀yìn mi bí mo ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Àbúrò mi kò tíì sọ pé òun dárí jì mí, èmi náà kò sì bẹ̀ ẹ́, nítorí bí wọ́n bá tún gbé mi dúró lẹ́yìn ilé ìwé yẹn, n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Ṣùgbọ́n ó ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Tí mo bá wá lópin ọ̀sẹ̀, òun ló máa ń kọ́kọ́ sọ àwọn tó pè àti ohun tí wọ́n wí. Títí di bí mo ti ń kọ èyí, a kò tíì rí onídìrí náà.